Eku mi kan kú, èkejì ń ṣọ̀fọ̀: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Abo eku méjì ni mo ń sìn, Òwú àti Ìlẹ̀kẹ̀, ìyá kan náà ló bí wọn. Ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni wọ́n. Kókó kan yọ sí Òwú lábẹ́ apá, ó ń tóbi sí i, ọjọ́ kẹwàá rèé tó kú.

Láti ìgbà náà, mi ò mọ Ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti pe orúkọ rẹ̀, á ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kéèjì. Bí mo bá jókòó, ọrùn mi ni yóò gùn, á máa payín keke, keke ìdùnnú, títí ojú rẹ̀ á fi máa yọ síta tí á tún máa wọlé. Ní báyìí, igun tí Òwú máa ń sùn sí ló ká sí. Àná ni mo rí nǹkan pupa létí ojú àti imú rẹ̀. Àyà mi já, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Ọkọ mi ní ká má mú eku mìíràn wá, pé àwa náà tó bá a ṣeré. Ó ní ọdún méjì sí mẹ́ta leku ń lò láyé, bí a bá ń fi ọ̀kan rọ́pò ọ̀kan, ẹkún ò ní tán nílé yìí. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin Òwú sí, mi ò lè dá a lẹ́bi.

Alájọgbé Eku:
Ẹ kú ara-fẹ́ra-kù, mà. Nǹkan pupa yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Omi kan ni tó ń ti ẹ̀yìn ojú wọn wá, gbogbo eku ló ní i. Eku tí ara rẹ̀ le máa ń nù ún kúrò fúnra rẹ̀. Bó bá ti hàn, ìdààmú tàbí àìsàn wà níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nù ún, kí ẹ wò ó bóyá yóò padà. Kí ẹ sì gbé e sétí kí ẹ gbọ́ èémí rẹ̀. Bó bá ń dún bíi súfèé, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni, ẹ má dúró. Mycoplasma, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn èémí, wà lára ọ̀pọ̀ eku tí à ń sìn, ìdààmú ló sì máa ń jí i.

Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n fá lára igi páìnì tàbí kédárì lẹ tẹ́ sí kéèjì? Òórùn rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró wọn. Bébà ni kí ẹ lò.

Màmá Eku Márùn-ún:
Ẹ mú òmíràn wá, mà, ṣùgbọ́n ẹ má mú ẹyọ kan. Abo méjì ni kí ẹ mú, kí wọ́n ṣì kéré. Ọmọ eku fẹ́ máa jà kó máa sáré lóru, Ìlẹ̀kẹ̀ sì ti ń dàgbà. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, wọ́n á máa yọ ara wọn lẹ́nu, òun á ráyè sinmi. Bí ọjọ́ Ìlẹ̀kẹ̀ bá sì pé, kò sẹ́ni tí yóò ṣẹ́kù lóun nìkan. Ẹ yẹ abẹ́ wọn wò dáadáa o! Akọ tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lè fún abo lóyún, ọjọ́ 21 sí 23 loyún wọn, ọmọ sì lè ju mẹ́wàá lọ.

Ọmọ Adé:
Èmi ò fara mọ́ ọn tán. Akọ tí mo ní dá gbé fún oṣù mẹ́sàn-án, èjìká mi ni ilé rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Màmá Eku Márùn-ún:
Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń bá a ṣeré nígbà tí ẹ bá sùn? Òru gan-an lojú wọn máa ń dá. Ta ló ń bá a tún irun ẹ̀yìn ọrùn ṣe? Ẹ̀rín wọn gan-an, ohùn rẹ̀ tinrín jù fún etí wa: nǹkan bíi 50 kHz ni (kHz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe tinrín tó), etí wa ò sì gbọ́ kọjá 20. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Chicago ti eku kan mọ́ ibi tóóró, wọ́n fi èkejì síta. Èyí tó wà níta kọ́ bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn, ó tú ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀. Kódà nígbà tí ṣokoléètì wà níbẹ̀ tí ì bá dá jẹ, ó máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù fún un. Ọkàn mi ò gbà kí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ dá gbé.

Ọmọ Adé:
Mo gbọ́. Mo rìnrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kan nígbà kan, wọ́n ń bá mi fún un lóúnjẹ déédéé, síbẹ̀ nígbà tí mo dé, ó ti fa irun apá rẹ̀ tu. Èmi rò pé ara ló ń yún un. Ó dùn mí báyìí.

Alájọgbé Eku:
Bí ẹ bá mú wọn dé, mà, yàrá ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n sí fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí àìsàn, kí ẹ máa fọwọ́ kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ Ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ máa fi aṣọ tí wọ́n sùn lé ránṣẹ́ sí ara wọn kí wọ́n mọ òórùn ara wọn. Ibi tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni kí wọ́n ti pàdé, ẹ má jù wọ́n sínú kéèjì rẹ̀ láé. Yóò wú irun, yóò dojú wọn délẹ̀, wọn á ké. Ẹ fara dà á. Àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, kí ẹ fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn là wọ́n.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ máa bá a ṣeré. Ní 2019, wọ́n kọ́ eku ní bojúbojú ní Berlin láìfún wọn lóúnjẹ kankan. Eré náà ni èrè wọn.

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin):
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló lọ mú àwọn ọmọ méjèèjì wá, lẹ́yìn tó ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Adé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní ilẹ̀ balùwẹ̀, Ìlẹ̀kẹ̀ dojú ọ̀kan délẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e kúrò. Ọkọ mi ló dì mí lọ́wọ́ mú. Lọ́jọ́ kẹfà, mo bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní igun Òwú, àwọn ọmọ sùn lé e lórí. Lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí a paná, mo gbọ́ keke láti inú kéèjì.