Ǹjẹ́ oògùn ADHD yẹ ọmọ tí òye rẹ̀ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ìyá Dámọ́lá (Iléṣà):
Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọmọ ọdún 11 ni ọmọkùnrin mi, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún 5 lọ. Bí mo bá pàtẹ ní ọjà Àtàkúnmọ́sà, kí n tó ta ọjà fún oníbàárà kan ṣoṣo tán, yóò ti sáré dé etí títì. Níbi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, oògùn tí wọ́n fún un mú un sùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀, ni mo bá padà lọ bá wọn, wọ́n sì dá a dúró. Dókítà mìíràn ti wá sọ pé ADHD, ìyẹn ìṣòro àìlè farabalẹ̀ àti àìlè gbájú mọ́ nǹkan, wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì dárúkọ oògùn rẹ̀ kan tó ń jẹ́ methylphenidate. Ẹ̀rù ń bà mí pé kí ó má baà ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ sí i. Ṣé ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ (Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ kú àmójútó ọmọ, Màmá Dámọ́lá. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lágbára tó bó ṣe ń ṣe lára àwọn ọmọ tí òye wọn pé, níbi tí ó ti máa ń ran nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá lọ́wọ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2013, ọ̀sẹ̀ 16 ni wọ́n fi tọ́jú ọmọ 122 tí wọ́n ní ìṣòro méjèèjì. Nínú ọgọ́rùn-ún tó bá lo methylphenidate, nǹkan bí 40 ni ipò wọn sàn sí i, nígbà tí ó jẹ́ 7 péré láàrin àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn kankan nínú. Lójú tèmi, 40 kò kéré rárá fún ìyá tí ń sá tẹ̀lé ọmọ kiri ọjà.

Kì í ba ọpọlọ jẹ́, kò sì ní sọ ọmọ di ọlọ́gbọ́n ju bó ṣe wà lọ. Ó ń jẹ́ kí dopamine àti noradrenaline, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́, kí ọmọ lè gbájú mọ́ nǹkan. Èyí tó mú un sùn jẹ́ irú mìíràn, ó sì dùn mí gan-an bí a ti ń fi oorun pa irú àwọn ọmọ yìí lẹ́nu mọ́.

Ẹ bi dókítà yín bóyá ọmọ ọdún 5 ni ó fi wé Dámọ́lá tàbí ọmọ ọdún 11, nítorí kò sí ọmọ ọdún 5 tí í jókòó pẹ́. Kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì wò ó bóyá wárápá wà níbẹ̀. Ìwọ̀n kékeré ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Orí lè máa fọ́ ọ láìlè sọ. Ẹ máa wò ó bóyá ó ń sunkún láìnídìí tàbí ó ń dá jókòó.

Bàbá Tóyìn (Iléṣà):
Ọmọbìnrin mi ń lò ó. Kì í fẹ́ jẹun ọ̀sán mọ́, nítorí náà a máa ń rí i pé ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kí ó tó gbé e mì láàárọ̀, a sì máa ń gún iyán fún un lálẹ́ nígbà tí agbára oògùn bá ti rọlẹ̀. Ẹ máa wọn ìwúwo àti gíga ọmọ, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní agbègbè wa níbí, ní ilé ìwòsàn Wesley Guild àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ni Dókítà David Morley ti bẹ̀rẹ̀ káàdì ìwọ̀n ọmọ ní àwọn ọdún 1950, kò sì yẹ kí a jẹ́ kí ó sú wa.

Olùkọ́ Àkàndá (Ilé-Ifẹ̀):
Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí olùkọ́ rẹ̀ kọ iye ìṣẹ́jú tí ó fi ń jókòó sín ìlẹ̀kẹ̀, kí ó sì tún kọ ọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti ń lò ó. Ọ̀dọ̀ wa ni ìyípadà ti sábà máa ń kọ́kọ́ hàn, nítorí oògùn náà lè ti tán lára ọmọ kí ó tó délé.

Ìyá Dámọ́lá:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ṣubú lójijì, ó sì kú láìtíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ó kàn án gidigidi, Màmá. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ó tó kọ oògùn náà, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn Dámọ́lá ṣe ń lù, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.