Mustang 1966 mi tó ń kú lójú ọ̀nà: ó ti yanjú o

Ẹ kú àdúrótì o. Ọkọ̀ Ford Mustang mi tí mo kígbe lé lórí níbí níjọ́sí, tó ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 289, tó bá ti rìn bí ìṣẹ́jú 20 nínú oòrùn Houston níbí á kàn kú, tó bá tutù tán á tún jí bí ẹni pé nǹkan ò ṣe é. Ọ̀pọ̀ yín ní epo ló ń hó nínú páìpù, mo gbà, mo pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, owó lọ, ó ṣì ń kú. Sátidé tó dá mi dúró, mo yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan, mo gbé e sún mọ́ irin, mo ní kí ìyàwó mi bá mi yí kọ́kọ́rọ́, iná ò ta pàrà rárá! Àṣé kọ́ńdẹ́ńsà inú distributor (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì) ló ń kú tó bá ti gbóná, nǹkan tí ò tó ìka, tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà o! Mo dá ti àtijọ́ padà (ìyàwó mi ló máa ń pariwo pé mi ò kí ń da nǹkan nù), mo tún àlàfo kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì (irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé nínú distributor kí iná lè ta) ṣe sí 0.017 ínṣì. Àná mo wà á lọ Galveston, àlọ àtàbọ̀ bíi máìlì 100, kò kú lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ pọ́ǹpù àtijọ́ yẹn, ó wà nílẹ̀, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.