Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìṣirò fọ́míìkì ásíìdì lórí páládíọ̀mù ti há mi lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Adó-Èkìtì ni mo wà, iṣẹ́ ìwádìí oyè másítà ni mo ń ṣe. Mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí fọ́míìkì ásíìdì, èyí tó wà nínú oró àwọn èèrà kan, ṣe ń tú háídrójìn sílẹ̀ lórí irin páládíọ̀mù. Sọ́fítíwíà Quantum ESPRESSO ni mo ń lò, torí ọ̀fẹ́ ni.

Ásíìdì yìí lè di H2 àti CO2, èyí tí a ń fẹ́. Ó sì lè di CO àti omi. CO yẹn lọ̀tá, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú irin típẹ́típẹ́, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́.

Ibi tó ti há rèé: HCOO, ìyẹn ohun tó kù tí háídrójìn ara ọ́síjìn ásíìdì náà bá ti kúrò, fi ọ́síjìn méjèèjì di irin mú, bí ẹni fi ọwọ́ méjì rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Ó ní láti tú ọwọ́ kan sílẹ̀, kó yí padà, kí háídrójìn rẹ̀ tó lè kan irin. Ibi yíyí yẹn ni NEB mi, ìyẹn ìṣirò tó ń wá ọ̀nà tí àwọn átọ́ọ̀mù ń gbà láti ipò kan dé òmíràn, ò ti parí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìpele átọ́ọ̀mù páládíọ̀mù mẹ́rin ni mo tò, àwòrán méje, ìyẹn àwọn ipò tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀nà náà, ni mo fi sáàárín. Iná tún máa ń lọ lóru, màá sáré dìde lọ tan jẹnẹrétọ̀ kí bátìrì tó kú.

Ṣé kí n dín ìpele kù sí mẹ́ta? Ẹ̀rù ń bà mí pé èsì lè yí padà. Ṣé HCOO nìkan sì tó, àbí dandan ni kí n ṣírò ọ̀nà COOH náà, níbi tí háídrójìn ara kábọ́ọ̀nù ti máa kọ́kọ́ kúrò? Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, àwòrán mélòó lẹ lò?