Ọmọ mi tó ní ADHD kì í jẹun ọ̀sán mọ́: ṣé kí n mú un lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ oúnjẹ?

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Iléṣà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́jọ lóṣù tó kọjá. Dókítà ní ADHD ló ń ṣe é, ìyẹn àìsàn tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè jókòó jẹ́ẹ́ tàbí kó fọkàn sí nǹkan, ó sì ti ń lo oògùn ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní methylphenidate láti bí oṣù mẹ́ta. N ò ní purọ́, oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ó ń jókòó ti ìwé, tíṣà ò ránṣẹ́ pè mí mọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ! Kúlà tí mo bá dì fún un, bó ṣe lọ ló ṣe ń padà wálé. Lánàá mo ṣí i, ìrẹsì ti gan, ẹyin orí ẹ̀ ò tiẹ̀ yẹ̀. Tó bá wá di aago mẹ́jọ alẹ́, ebi á ya dé: búrẹ́dì, gààrí, ohunkóhun tọ́wọ́ ẹ̀ bá bà. Ṣòkòtò iléèwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, bẹ́líìtì ló ń bò wá láṣìírí.

Ìyá ọkọ mi ní ṣúgà ló ń dà á láàmú. Obìnrin kan tó ń ta oògùn inú ike lọ́jà ní kí n yọ mílíìkì, ẹyin, búrẹ́dì àti ẹ̀wà kúrò fóṣù mẹ́ta, kí n sì ra ike méjì lọ́wọ́ òun. Dókítà wá ní kí n lọ rí dietitian, ìyẹn onímọ̀ oúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni onítọ̀hún fẹ́ sọ tí n ò mọ̀? Àbí èmi ò mọ oúnjẹ sè ni?

Màmá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀:
Èmi náà, ìbínú ni mo bá lọ. Mo ti rò pé ìwé pélébé kan ni wọ́n máa fún mi, "èso, ẹ̀fọ́, omi." Obìnrin tá a bá níbẹ̀ ò kọ nǹkan kan fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ó wọn Táyé lórí ìwọ̀n, ó wọn gíga ẹ̀, ó ní kí n ka gbogbo ohun tó wọ ẹnu ẹ̀ láti àárọ̀ àná, tòun ti aago. Ibẹ̀ làṣírí ti tú. Aago mẹ́fà àbọ̀ ni mò ń fún un lóògùn, aago méje kọjá lẹ̀kọ ń dé iwájú ẹ̀. Nígbà yẹn, òórùn oúnjẹ gan-an ò wù ú mọ́. Ló bá ní ká yí i padà: oúnjẹ kọ́kọ́, oògùn tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin láàárọ̀, kó jẹ́ pé ìyẹn ló wúwo jù. Lọ́sàn-án, ẹ gbàgbé kúlà. Ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyin sísè kan. Ebi alẹ́ yẹn, oògùn ló ń kúrò lára, kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Ẹ fi ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹlẹ́ja dè é.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ má bínú o. Àwa tá a jẹ iyán dàgbà, ta ló wọ̀n wá?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, mo ti fẹ̀yìn tì:
Wọ́n wọ̀n yín, ẹ ti gbàgbé ni. Káàdì ìwọ̀n tí àwọn ìyá ń gbé lọ sí kílíníìkì, iṣẹ́ Dókítà David Morley wà ńbẹ̀. Ọsibítù Wesley Guild tiwa ní Iléṣà níbí ló dé sí ní 1956, Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ń lò ó.

Ìyàwó mi, ọmọ tó ń lo oògùn yẹn, ó yẹ kí wọ́n máa wọn ìwọ̀n àti gíga ẹ̀. Tí ìlà inú káàdì ẹ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, dókítà á tún oògùn wò. Má dá a dúró fúnra rẹ. Ti ṣúgà, wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní ṣúgà, wọ́n fún wọn ní ohun adùn mìíràn, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èwo lèwo. Ìwà ò yàtọ̀. Eyín ni ṣúgà ń bá jà. Àwọ̀ inú ohun mímu lọ̀rọ̀ díẹ̀ wà lórí ẹ̀: ìwádìí kan jáde ní Southampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2007, láti 2010 sì ni wọ́n ti ń kọ ìkìlọ̀ sára irú ẹ̀ ní Yúróòpù. Wo ẹ̀yìn ike bóyá ọ̀kan nínú àwọ̀ yẹn, tartrazine, tàbí E102, wà níbẹ̀. Tó o bá rí i pé ó ń ṣe é, kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó ní kó o yọ ẹyin àti ẹ̀wà lẹ́nu ọmọ tó ti ń rù, kí ló fẹ́ kó jẹ? Irú ìyọkúrò bẹ́ẹ̀, abẹ́ ojú onímọ̀ oúnjẹ nìkan ni. Má sì ra oògùn ẹ̀jẹ̀ o, àfi tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò tí wọ́n rí i pé irin ò tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ OAU:
Èmi gan-an ló ní ADHD yìí, mo ti dàgbà pẹ̀lú ẹ̀. Tèmi, mo máa ń gbàgbé jẹun ni. Ẹ̀wà tí mo sè tì sínú fíríìjì, ó hu irùngbọ̀n. Tímẹ́tébù oúnjẹ ọlọ́jọ́ méje ò lè ṣiṣẹ́ fún irú wa; ta ló fẹ́ rántí ẹ̀? Dietitian mi ní kí n mú oúnjẹ mẹ́ta péré, kí n máa yí i po, kí n gbé ẹ̀pà sójú tábìlì. Ohun tí n ò bá rí, kò sí nílé.

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ẹ ṣé o. Ọjọ́ Túsìdeé ni mo máa lọ. Kí ni kí n mú dání?

Màmá Ìbejì:
Gbogbo ohun tó jẹ fọ́jọ́ mẹ́ta, kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ gààrí òru mọ́ ọn. Mú páálí oògùn náà dání.

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Mo dán ti àárọ̀ yẹn wò lónìí. Aago mẹ́fà, àkàrà mẹ́rin, ó tún nawọ́ sí ìkarùn-ún. Oògùn ṣì wà lórí tábìlì.