Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé abúlé òyìnbó rí, ẹ wá sọ tẹnu yín

Ìyá Bọ́lá: Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló gbé mi dé abúlé kan ní Staffordshire. Ilé wọn rí bíi ti inú kàlẹ́ńdà, òdòdó lójú fèrèsé gbogbo, àmọ́ bọ́ọ̀sì ò sí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ta ló ti gbé irú ibẹ̀ rí?

Àkànní: Ṣé wọ́n ń kí èèyàn?

Ìyá Bọ́lá: Ju ti London lọ fíìfíì. Ajá wọn pàápàá ń kí mi.

Káyọ̀dé: Mà, tó bá ti di oṣù kẹsàn-án, ẹ yà sí Abbots Bromley, abúlé kan ní Staffordshire yẹn náà, kẹ́ ẹ wo ijó ìwo wọn. Mọ́ńdè tó tẹ̀lé Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin oṣù náà ni wọ́n ń jó o. Láàárọ̀ kùtù, ọkùnrin 6 á lọ gbé ìwo nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìwo ràgàjì tí wọ́n kàn mọ́ orí onígi. Èyí tó wúwo jù tó kílò 11! Ọkùnrin kan á wọ aṣọ obìnrin, ẹlòmíì á gun ẹṣin onígi tí ẹnu rẹ̀ ń dún gbà, gbà, gbà. Wọ́n á máa jó láti oko dé oko, láti ilé ọtí dé ilé ọtí, títí di ìrọ̀lẹ́.

Màmá Ṣéyí: Egúngún nìyẹn.

Bàbá Àdúrà: Egúngún inú ṣọ́ọ̀ṣì? Káyọ̀dé, rọra o.

Káyọ̀dé: Ẹ̀gbọ́n, mi ò parọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ni wọ́n ń kó o sí látọdún dọ́dún. Ìwo reindeer ni, àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín. Wọ́n yẹ ọ̀kan wò, ọjọ́ orí ẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọdún 1065.

Màmá Ṣéyí: Ọkùnrin tó múra bí obìnrin, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbáà! Ká ní Kétu ni, ẹ̀yin náà lẹ ó kọ́kọ́ pè é ní ìbọ̀rìṣà.

Bàbá Àdúrà: Ṣé wọ́n bojú?

Káyọ̀dé: Rárá. Ọ̀kan nínú wọn ló ń bá wa tún páìpù ṣe.

Bàbá Àdúrà: Ó tán. Kì í ṣe egúngún.

Màmá Ṣéyí: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà, ta ni ò mọ ẹni tó gbé e?

Olóyè Peckham: Ṣé wọ́n ń ta gàrí níbẹ̀?

Ìyá Bọ́lá: Gàrí kẹ̀! Ẹyin ni wọ́n ń tà, lẹ́nu géètì. Agolo owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Àkànní: Ṣebí báwọn bàbá wa ṣe ń pàtẹ sójú ọ̀nà oko náà nìyẹn, tí wọ́n á fi òkúta sọ iye owó.

Olóyè Peckham: Pàtẹ ẹ̀ sí Ọ̀jọ́ta lónìí, kó o wá ròyìn.

Àkànní: Mà, ẹyin ọ̀hún, èló?

Ìyá Bọ́lá: Mẹ́fà, pọ́n-ùn kan àti ààbọ̀. Pọ́n-ùn méjì ni mo jù sínú agolo, kò sẹ́ni tó máa fún mi ní ṣéńjì.