Kòtò ba mọ́tò mi jẹ́ lọ́nà Kàbà sí Mọ̀pà: ta ni kí n kọ̀wé sí?

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, bí mo ṣe ń ti Kàbà lọ sí Mọ̀pà, mọ́tò mi já sí kòtò tí omi òjò bò. Irin táyà iwájú ká kò bí etí abọ́ tánńganran, táyà bẹ́. ₦185,000 ni mẹkáníìkì gbà. Rìsíìtì wà lọ́wọ́, mo sì ya fọ́tò kòtò náà; mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó mù mí dé orúnkún.

Ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Ọ́fíìsì tí mo lọ bá ní Lọ́kọ́ja ní kí n máa dúpẹ́ pé mi ò kú. Lọ́yà kan sì ní bí oṣù 3 bá kọjá, òfin lè dí ẹjọ́ mi lọ́nà.

Ẹni tó ti gba irú owó àtúnṣe yìí padà lọ́wọ́ ìjọba rí, ọ́fíìsì wo gan-an ni kí n kọ̀wé sí, kí ni kí n sì fi tì í?