Mítà àtijọ́ lórí Raleigh bàbá mi
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kẹ̀kẹ́ Raleigh onítáyà 28 tí bàbá mi fi ń lọ oko kòkó ní Ìkéré-Èkìtì ni mò ń tún ṣe. Mo rí mítà eré àtijọ́ kan rà, alábẹ́rẹ́, tí wáyà so mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan ní ìdí táyà iwájú. Ó rẹwà púpọ̀! Àmọ́ táyà 26 ni wọ́n ṣe é fún, torí náà eré tó máa fi hàn á kéré sí eré tí mò ń sá gan-an. Ṣé ẹ̀rọ kékeré ìdí táyà nìkan ni kí n pààrọ̀? Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní ká fi fáìlì ha fọ́ọ̀kì, irin tó di táyà iwájú mú, kó lè gba ẹ̀rọ náà. Ọkàn mi ò gbà rárá. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?